Áyọ́ọ̀nù Kan Ṣoṣo Tí Bàbá Wa Kò Fọwọ́ Kàn

Èmi ò mọ ọdún ní nọ́ńbà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọdún tó tẹ̀lé ọdún tí bọ́ǹbù dún ní Ìkẹjà ni Bàbá wa kú. Ẹni tó bá ń gbé apá ọ̀dọ̀ wa nígbà náà kò ní béèrè pé èwo nínú ọdún nìyẹn. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni bọ́ǹbù náà dún. Ilẹ̀ ń mì, gíláàsì fèrèsé ń já bọ́, ojú ọ̀run pọ́n. Gbogbo Ṣógúnlé tú síta, a ò sì mọ ẹni tó ń lé wa. Mo ti gbé ọmọ àbúrò mi kọ́ apá, mo ti dé ẹnu ọ̀nà, ni mo bá bá Bàbá wa níbẹ̀, ó fi ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ dábùú ilẹ̀kùn. Arúgbó tí kò lè rìn dé ilé kejì mọ́ láìsinmi. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká máa lọ." Ó wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní, "Ta ló pa sítóòfù?"

Kò sẹ́ni tó pa á. Ọbẹ̀ wà lórí iná. Mo sáré padà lọ pa á, kí n tó jáde, èrò ti dí ojú ọ̀nà pa. A bá jókòó sí àgbàlá, Ọlọ́run sì pa wá mọ́ níbẹ̀. Mo máa ń rántí àwọn tó sá gba ọ̀nà Òkè-Àfà tí omi gbé lọ. N ò sọ pé sítóòfù ló gbà wá là o. Irú ẹni tí Bàbá wa jẹ́ ni mo ń sọ.

Fáídà, ọmọ ọmọ mi, ló ń bá mi kọ èyí. Èmi ń sọ, òun ń tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù. N kò lọ ilé ìwé. Mo ti ní kó má fi ọ̀rọ̀ ńláńlá sí i, kó kọ ọ́ bí mo bá ṣe wí i.

Bàbá wa ló bí bàbá mi. Ọmọ Ìwó ni, ṣùgbọ́n Èkó ló lo ayé rẹ̀ sí. Nígbà tí bàbá mi, Wàhábì, kú, mo ṣì kéré, ó rán ìyàwó rẹ̀, Ìyá Àgbà, pé kó lọ mú mi wá láti Ìwó. Iwájú ilé tí à ń gbé ní Ṣógúnlé ló kan ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sí, pákó àti páànù. Ohun tó ń tún ṣe níbẹ̀ ni nǹkan ìdáná àti nǹkan ìfọṣọ inú ilé: sítóòfù, áyọ́ọ̀nù, kẹ́tù, fíríìjì, bílẹ́ńdà. Nígbà tó yá, máṣìnnì ìfọṣọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Làsísì lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni bá wá béèrè Làsísì ní àdúgbò, wọ́n á ní àwọn ò mọ̀ ọ́n. Bàbá Kí-Ló-Ń-Ṣe-É ni gbogbo ayé ń pè é.

Ohun tó fa orúkọ yìí ni òfin rẹ̀ àkọ́kọ́: kì í tú ẹrù ẹnikẹ́ni láìkọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Bí o bá gbé áyọ́ọ̀nù dé, kò ní wo áyọ́ọ̀nù, ìwọ ni yóò máa wò. "Kí ló ń ṣe é?" Bí o bá ní kò ṣiṣẹ́, ó ní o ò tíì sọ nǹkan kan. Ìgbà wo ló dákẹ́? Kí lo ń ṣe lọ́wọ́? Ọwọ́ wo lo fi dì í mú? Níbo lo dúró sí? Ṣé òórùn jáde ni àbí ariwo? Ó máa ń gbé àpótí sí iwájú àwọn oníbàárà pé kí wọ́n fi hàn òun bí wọ́n ṣe ń lò ó, bí ẹni ń ṣe eré ìtàgé. Àwọn àgbà obìnrin á fi ọwọ́ lásán máa lọ aṣọ tí kò sí níbẹ̀. Àwọn tó ń kọjá lọ á máa rẹ́rìn-ín.

Òfin kejì rẹ̀ ni pé ẹni tó ń lo nǹkan ló gbọ́dọ̀ wá rojọ́, kì í ṣe ẹni tó ra nǹkan. Ọkùnrin kan pè wá sí Òkòta nígbà kan, máṣìnnì ìfọṣọ rẹ̀ ò da omi nù mọ́. Ọkùnrin náà ń ṣàlàyé, ó ṣàlàyé dáadáa, èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Bàbá wa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "Alàgbà, ẹ bá mi pe ẹni tó ń fọṣọ." Wọ́n pe ọmọbìnrin kan jáde láti ẹ̀yìn, ẹ̀rù ń bà á, ó rò pé wọ́n fẹ́ dá a lẹ́bi. Bàbá jókòó sílẹ̀ kí ọmọ náà má baà máa wò ó lókè. Ó ní, "Ọmọ mi, kò sẹ́ni tó ń bá ọ jà. Sọ ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀." Ọmọ náà ní láti ọjọ́ tí òun ti fọ aṣọ ìkókó ni. Ó tán. Bàbá tú ọ̀pá omi ìsàlẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ ìkókó ló fà jáde, ó ti dúdú. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí, ó ní òun ti wá ìbọ̀sẹ̀ yẹn títí. Nígbà tí a ń padà bọ̀, mo bi Bàbá pé ṣé ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Ó ní, "Báwo ni n ó ṣe mọ̀? Ẹni tó bá sùn ti aláìsàn ló mọ bó ṣe ń kérora."

Òfin kẹta ni ti eyín. Ohunkóhun tó bá yọ kúrò lára ẹrù rẹ, wáyà tó jóná ni o, súwíìṣì tó ti fọ́ ni o, yóò wé e sínú bébà, yóò kó o lé ọ lọ́wọ́ pẹ̀lú ẹrù náà: "Eyín rẹ̀ tí mo yọ nìyí." Àwọn míì á jù ú nù kí wọ́n tó dé ìta. Òdìkejì títì ni Múfú wà, ọ̀dọ́kùnrin kan tóun náà ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn, tó kọ àwòrán fíríìjì ńlá sára ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Múfú ò lè rí Bàbá wa kó má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bí oníbàárà bá jókòó pẹ́ lọ́dọ̀ wa, yóò ké láti ọ̀hún pé, "Bàbá, ṣé áyọ́ọ̀nù yẹn ti sọ ìtàn bí wọ́n ṣe bí i tán?" Bàbá á ní, "Ó kù díẹ̀. Ó ti dé ibi tí wọ́n ti gbé e lọ sọ́dọ̀ rẹ." Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìjà ni, ìjà gidi. Múfú ń sọ fún àwọn èèyàn pé eyín tí Bàbá ń wé fún wọn, láti inú ìdọ̀tí ló ti ń ṣà á. Ìyá Àgbà ní kó lọ fèsì. Bàbá ní, "Ẹni tí wọ́n bá yọ eyín tó rà lẹ́nu rẹ̀, tó tún sọ pé ẹnu ò dun òun rí, ẹ fi í sílẹ̀, yóò tún jẹ egungun."

Ẹ má rò pé èèyàn mímọ́ ni mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó lágídí. Ó máa ń bínú sí aṣọ tí wọn ò ká dáadáa. Ìyá Àgbà sì rí màbo lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí gbogbo sítóòfù Ṣógúnlé ń jó, ti ilé tiwa ló máa ń ṣàìsàn. Bí oníbàárà bá gbé sítóòfù dé, tí orí rẹ̀ ti jẹrà, tí kò sì sí orí míì ní ọjà, ti Ìyá Àgbà ni Bàbá wa á lọ tú. Ìyá Àgbà á dé láti ibi tó ti lọ ra èlò ọbẹ̀, á bá sítóòfù rẹ̀ láìlórí. Á dúró sójú ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, á kó ọwọ́ lé ìdí.

"Bàbá Wàhábì, ṣé ẹ tún ti bẹ́ ẹ lórí?"

"Yóò padà hù."

"Kí ni mo fẹ́ fi se iṣu?"

"Eèédú wà."

"Ayé ń fi gáàsì dáná, ìyàwó ẹni tó ń tún un ṣe ń fẹ́ eèédú. Ojú ò tì yín ni?"

Bàbá á wá sọ ọ̀rọ̀ tó máa ń mú Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín tipátipá, nítorí kò lè jiyàn rẹ̀: "Ìyá Wàhábì, bó o bá bínú, o ṣì máa fún mi lóúnjẹ. Oníbàárà bínú, ó lọ nìyẹn."

Ibi tí mo ń bọ̀ nìyí. Òfin tó ga ju gbogbo èyí tí mo ti kà lọ ni ti ẹ̀yìn ọwọ́. Bí Bàbá wa bá tún ohun tó ń lo iná ṣe tán, kò ní fún olówó rẹ̀. Yóò bọ́ bàtà. Yóò da omi sílẹ̀, yóò dúró sínú omi náà pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán. Yóò ti púlọ́ọ̀gì bọ iná, yóò wá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ara ẹrù náà wẹ́rẹ́, bí ẹni ń wo ibà lórí ọmọ. Ẹ̀yìn ọwọ́ ni, nítorí bí iná bá gbá ẹ̀yìn ọwọ́, ọwọ́ á fò kúrò. Bí ó bá gbá àtẹ́lẹwọ́, ọwọ́ á dì í mú, kò ní lè jù ú sílẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí, ẹ má dán an wò o. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ní tẹ́sítà tó ń tàn. Ṣùgbọ́n òun, bó ṣe ń ṣe é nìyẹn, láàárọ̀, lọ́sàn-án, nínú òtútù. Mo rí i tí iná gbá a lẹ́ẹ̀kan, ó ta kẹ́ẹ́ bí ìgalà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ń fọwọ́ ra apá, ó ní, "Dákẹ́. Kó tó gbá ọmọ ẹlòmíì, èmi ni kó kọ́kọ́ gbá."

Mo ti bí àkọ́bí mi, Rúkà, ẹ̀yìn mi ló wà nígbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní Kàdúná, mo wà lọ́dọ̀ Bàbá, mo sì ti ń bá a ṣiṣẹ́ gidi. Ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe jù ni ìlẹ̀kẹ̀. Àwọn áyọ́ọ̀nù àtijọ́, bí o bá tú wọn, wáyà tó gbé iná wọ inú wọn kò ní rọ́bà lára, nítorí rọ́bà á yọ́ nínú ooru. Ìlẹ̀kẹ̀ tánganran funfun kéékèèké ni wọ́n sin sí i lára, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ọmọdé. Ìlẹ̀kẹ̀ yìí ni kì í jẹ́ kí wáyà fara kan irin. Bí kò bá sí, gbogbo ara áyọ́ọ̀nù di iná nìyẹn, ẹni tó bá sì fọwọ́ kàn án lórí ilẹ̀ tútù, ó tán.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Iná ti lọ láti àná rẹ̀. Obìnrin kan wọlé wá ní àárọ̀, oyún rẹ̀ ti wọ oṣù rẹ̀, alágbàfọ̀ ni, láti Ìsọlọ̀ ló ti wá. Áyọ́ọ̀nù rẹ̀ kò gbóná mọ́. Bàbá wa gbé àpótí síwájú rẹ̀ bí ìṣe rẹ̀, ó ní kó fi hàn òun. Obìnrin náà dáwọ́ lé e. Ó ní ẹsẹ̀ lásán lòun máa ń dúró nítorí pé ẹsẹ̀ òun wú. Ó ní òun máa ń wọ́n omi sáṣọ, omi á sì kán sílẹ̀ sìmẹ́ńtì. Bàbá ní, "Tábìlì ńkọ́?" Ó ní ògiri mọ́ṣáláṣí lòun fi tábìlì tì, bí Ládàánì bá ti fi gbohùngbohùn pe ìrun Àsárì ní ìrọ̀lẹ́, tábìlì á máa gbọ̀n, àmì tí òun fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nìyẹn. Ó ní èéfín ẹ̀rọ alọta tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì ló ń ba aṣọ funfun òun jẹ́. Ó ń sọ gbogbo èyí, ó ń fọwọ́ lọ aṣọ tí kò sí, Múfú ń rẹ́rìn-ín ní òdìkejì.

Bàbá tú áyọ́ọ̀nù náà. Wáyà ló ti já. Ó rí i pé èéfín àti sítáàṣì ti bo àwọn ìlẹ̀kẹ̀, ó yọ wọ́n, ó fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n fúnra rẹ̀, ó kó wọn sínú àwo kékeré, ó gbé e sórí fèrèsé kí oòrùn mú wọn gbẹ. Ó wá ń ṣiṣẹ́ lọ lórí wáyà.

Kó tó di ìrun Jímọ̀, obìnrin náà ti padà dé. Aṣọ ìyàwó ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọjọ́ kejì ni ìgbéyàwó. Ó ní bí iná bá lè dé ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, kí áyọ́ọ̀nù ti wà nílé.

Bàbá ní, "Iná ò sí. Mi ò tíì fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án."

"Bàbá, ẹ ṣàánú mi. Bí mi ò bá lè gbé aṣọ yìí fún wọn, wọn ò ní fún mi níṣẹ́ mọ́."

Ó kúnlẹ̀, aboyún, lórí yanrìn. Wọ́n ti ń pe ìrun. Bàbá wa ò lè wo aboyún lórí ìkúnlẹ̀. Ó pa áyọ́ọ̀nù dé, ó de ìdè rẹ̀, ó wé wáyà tó já sínú bébà, ó ní, "Eyín rẹ̀ nìyí," ó sì sáré lọ sí mọ́ṣáláṣí. Obìnrin náà lọ.

Nígbà tí Bàbá dé láti mọ́ṣáláṣí, ó jẹun. Ó jókòó sídìí tábìlì, ó na ọwọ́ sí fèrèsé láti wá nǹkan mìíràn, ọwọ́ rẹ̀ sì kan àwo náà. Mo rí ojú rẹ̀. Ó da àwọn ìlẹ̀kẹ̀ náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó wò wọ́n, ó wo gílóòbù tó so mọ́ òrùlé wa, tí kò tàn. Ó dé fìlà.

Mo ní, "Bàbá, ẹ mọ ilé rẹ̀ ni?"

Ó ní, "Mi ò mọ ilé rẹ̀. Mo mọ bó ṣe ń lọ aṣọ."

Mo pọn Rúkà le, mo tẹ̀ lé e. A wọ ọkọ̀ ní Bọ́ládé. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni Bàbá jókòó sí, gbogbo ilé tí a ń kọjá ló ń wò bóyá gílóòbù ń tàn níbẹ̀. Kò sí èyí tó ń tàn. Mo ń gbàdúrà kí iná má dé. Gbogbo Èkó ló ń gbàdúrà kó dé, èmi nìkan ni mo ń gbàdúrà kó má dé.

Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ ní Ìsọlọ̀, a bi ọkùnrin kan tó ń rán bàtà pé mọ́ṣáláṣí wo ni ilé alọta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí ọ̀kan. A débẹ̀, wọ́n ní alọta ti kó kúrò ó pẹ́. Bàbá wa gun ibi gíga kan ní oríta, ó ní kí n dákẹ́. Rúkà ń sunkún, Bàbá ní kí n fún un lọ́mú. Ó di ojú, ó yí etí. Ó ń wá ìró ẹ̀rọ ata, nítorí pé epo dísẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi ń lò ó, àìsí iná ò kàn án. Èmi ò gbọ́ nǹkan kan. Òun gbọ́. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gba ojú ọ̀nà tóóró kan wọlé, mo ń sá tẹ̀ lé arúgbó.

Mọ́ṣáláṣí kékeré ni, ilé yí i ká lọ́tùn-ún lósì àti lẹ́yìn, gbogbo wọn ló fi ògiri tì í. Èwo la fẹ́ kàn? Ládàánì ń ṣe àlùwàlá lọ́wọ́ fún Àsárì. Bátìrì mọ́tò ló fi ń lo gbohùngbohùn rẹ̀. Bàbá kí i, ó rojọ́, ó ní kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kóun sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Ládàánì jẹ́ èèyàn dáadáa. Ó ní, "Bàbá, n ó bá yín kéde. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kàn sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lo áyọ́ọ̀nù. Kí lẹ fẹ́ máa dárúkọ fún? Orúkọ yín ni oúnjẹ yín."

Bàbá ní, "Bí o bá ní kí wọ́n má lo áyọ́ọ̀nù, wọ́n á rò pé ìwọ ń ṣeré. Bó bá gbọ́ orúkọ mi, á mọ̀ pé tòun ni."

"Bàbá, gbogbo ayé ló máa gbọ́ ọ. Ọjà Òṣòdì máa gbọ́ ọ."

"Orúkọ mi kọ́ ló máa di áyọ́ọ̀nù yẹn mú. Ọwọ́ obìnrin yẹn ni."

Bó ṣe sọ ọ́ tán báyìí, fáànù mọ́ṣáláṣí bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Àwọn ọmọdé ké káàkiri àdúgbò pé iná ti dé. Ládàánì ò jiyàn mọ́, ó ti gbohùngbohùn sí Bàbá lọ́wọ́. Ohùn Bàbá wa ò dùn, ó máa ń há. Ohun tó sọ nìyí, mo lè kà á lójú oorun:

"Èmi ni Bàbá Kí-Ló-Ń-Ṣe-É ti Ṣógúnlé. Mo tún áyọ́ọ̀nù ṣe fún aboyún alágbàfọ̀ tó fi tábìlì ti ògiri yìí. Mi ò tún un ṣe dáadáa. Iná wà lára rẹ̀. Ìyá, má fọwọ́ kàn án. Má fọwọ́ kan púlọ́ọ̀gì náà. Kúrò nílẹ̀ tútù. Àṣìṣe tèmi ni, mo ń bọ̀ wá."

Ó gbé gbohùngbohùn sílẹ̀. Ẹ̀rọ ata nìkan ló ń dún. Mo di Rúkà mú débi pé ó ké.

Ohùn obìnrin kan wá láti ẹ̀yìn ògiri: "Bàbá, mo ti gbọ́. Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo wà."

Bàbá wa jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú mọ́ṣáláṣí. Ládàánì ló fà á dìde.

A wọ yàrá obìnrin náà. Ó ti fi púlọ́ọ̀gì sí i kí iná tó dé, bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣe. Ó ti wọ́n omi sáṣọ ìyàwó. Ó ní òun ti nawọ́ sí áyọ́ọ̀nù ni tábìlì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, òun rò pé Àsárì ni, ni òun bá dúró gbọ́. Bàbá fi igi gbígbẹ pa súwíìṣì. Ó jókòó sórí àpótí, ó tú áyọ́ọ̀nù náà, ó ní kí n sin ìlẹ̀kẹ̀. Mo sin wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dúró dè mí. Nígbà tó dé e tán, ó bọ́ bàtà, ó da omi sílẹ̀ níwájú tábìlì, níbi tí obìnrin náà máa ń dúró sí gan-an. Ó tan iná. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án. Ó fi sílẹ̀ níbẹ̀ títí tí ooru fi fẹ́ jó o. Ó yíjú sí obìnrin náà, ó ní, "Ó ti kàn mí. Ó lè kàn ọ́ wàyí."

Obìnrin náà lọ aṣọ ìyàwó lójú wa.

Ọ̀rọ̀ náà dé Ṣógúnlé kí a tó délé. Múfú dúró sí òdìkejì, ó ní, "Ládàánì wa ti dé. Bàbá, ẹ bá wa pe ìrun." Àwọn oníbàárà kan gbé ẹrù wọn kọjá iwájú wa lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, wọ́n ń yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó pẹ́ kí ṣọ́ọ̀bù wa tó kún padà, àwọn míì ò sì padà wá láéláé. Ìyá Àgbà sunkún. Ó ní kí ló dé tí kò lè rọra wá ilé obìnrin náà kó sọ ọ́ fún un ní kọ̀rọ̀. Bàbá ò bá a jà. Ó tú orí sítóòfù tuntun tó ti tọ́jú fún oníbàárà kan, ó dé e sórí sítóòfù Ìyá Àgbà. Ó ní, "Àwọn tó bá padà wá ti mọ irú ẹni tí wọ́n ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀."

Nǹkan kan wà tí mi ò sọ fún Bàbá rí. Ní ọjọ́ kan, tí ó ti pẹ́ díẹ̀, mo lọ da omi nù, mo bojú wo ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù Múfú. Múfú dúró nínú omi, ẹsẹ̀ lásán, kẹ́tù oníbàárà wà níwájú rẹ̀, ó ń na ẹ̀yìn ọwọ́ sí i, ó di ojú. Ó lajú, ó rí mi. Ojú tì í. Ó ní, "Ìyá Rúkà, ẹ má sọ fún Bàbá o."

Bàbá wa ò fi ilé sílẹ̀ fún mi, kò ní ilé. Nígbà tí ọkọ mi kú ní Kàdúná, mo ní ọmọ mẹ́ta, n kò lè ka lẹ́tà kan. Ṣùgbọ́n mo lè tú áyọ́ọ̀nù. Mo lè gbọ́ bílẹ́ńdà kí n sọ ohun tó ń ṣe é. Mo gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Òkòta, àwọn obìnrin sì ń gbé ẹrù wá nítorí pé mo máa ń jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀. Ìyẹn ló rán Rúkà nílé ìwé, òun àti àwọn àbúrò rẹ̀. Mo ń dúpẹ́. Bí mo bá kírun, Bàbá ni mo kọ́kọ́ ń dárúkọ.

Ọ̀sán ló kú, lórí àga, tí a ń lọ ata. Ó ti pẹ́ tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Ó ní bílẹ́ńdà yẹn ń kérora. Mo ní, "Kí ló ń ṣe é, Bàbá?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìwọ tó ń lò ó ni kí o sọ fún mi." Nígbà tí mo fi máa yí padà, ó ti lọ.

Ọmọkùnrin mi Sàkíjù ló gba iṣẹ́ náà, kúkà gáàsì ló ń tún ṣe. Ó wọlé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó jókòó ti oúnjẹ, ó ní, "Màámi, ìdè tí kì í jẹ́ kí gáàsì jò lẹ́nu rọ́bà ló wà nínú àpò mi yìí. Ó yẹ kí n ti dè é ní ilé kan ní Ìsọlọ̀. N ó lọ dè é lọ́la." Mo gbé àwo oúnjẹ kúrò níwájú rẹ̀. Mo sọ ìtàn ìlẹ̀kẹ̀ fún un, òun àti àwọn yòókù tó wà níbẹ̀. Kí n tó sọ ọ́ tán, ó ti ń wọ bàtà.

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Màámi, ká ní iná ti dé kí ẹ tó débẹ̀ ńkọ́? Ká ní iná ti gbé obìnrin náà?"

Mo ní, "À bá dé ibẹ̀ náà ni. À bá kan ilẹ̀kùn, à bá sọ orúkọ wa."